Ìlọrin sí Àkúrẹ́, Ìṣẹ́jú 42

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù mi dún. Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè láti Àkúrẹ́. Wọn kò dúró kí n kí wọn.

"Màámi ṣubú nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Apá ọ̀tún wọn kò gbé, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé. A ti wà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu wọn. Ìwọ ni wọ́n ń bèèrè. Máa bọ̀ báyìí."

Mo ní, "Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ohun tó yẹ kí n ṣe lẹ́yìn èyí ni kí n wọ bàtà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá wa ní Tanke, mo sì bi Google léèrè wákàtí mélòó ni bàálù ń lò láti Ìlọrin sí Àkúrẹ́.

N kò tí ì wọ bàálù rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó ilé ọdún tó ń bọ̀ wà nínú àkáǹtì mi, ₦160,000, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé bí gbogbo rẹ̀ bá máa lọ, kó lọ. Ìlọrin ní pápákọ̀ òfurufú. Àkúrẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Kí ló tún kù?

Ojú-ewé àkọ́kọ́ tó jáde kò jẹ́ kí n ronú jìnnà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: láti ILR sí AKR, kìlómítà 159, máìlì 99, ìṣẹ́jú 42. Ó tún ya àwòrán ilẹ̀ sí i, ìlà kan tọ́ gbọnrangandan láti ìlú kan dé èkejì, bàálù kékeré kan sì wà lórí ìlà náà tó kọjú sí Àkúrẹ́.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi ń bẹ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, fóònù mi sì ń sọ fún mi pé ìṣẹ́jú méjìlélógójì péré ló wà láàárín wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ rí mọ̀ pé olùkọ́ lè lò jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣàlàyé ìpàjẹ tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò lórí. Bí mo bá wọ bàálù aago mẹ́jọ, màá ti balẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Mo wá tíkẹ́ẹ̀tì. Mo lọ sí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan, mo mú Ìlọrin síbi tí mo ti ń bọ̀, mo mú Àkúrẹ́ síbi tí mò ń lọ. Ó ní kò sí. Mo rò pé ọjọ́ ni mo mú ṣì, mo yí i padà sí ọjọ́ kejì, mo yí i sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo lọ sí ojú-ewé mìíràn. Dátà mi tán. Mo ra òmíràn. Ibì kan ní kí n gba Èkó lọ, kí n sùn síbẹ̀, kí n wá wọ òmíràn lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ń bínú sí fóònù bí ẹni pé ó ń fi ohun tó wà nílẹ̀ pamọ́ fún mi. Bí wọ́n bá lè sọ iye ìṣẹ́jú tí bàálù náà ń lò, báwo ni bàálù náà kò ṣe ní í sí?

Ìbínú yẹn ló jí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Jọ́gíráfì ló ń kà. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá, mo gbé fóònù sí i lójú. Ó wò ó, ó ní, "Kò sí bàálù tó ń ti Ìlọrin lọ Àkúrẹ́."

Mo ní, "Wò ó! Ìṣẹ́jú méjìlélógójì."

Ó ní, "Ìṣirò lásán ni wọ́n ṣe. Wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń lọ."

Aago méje ti kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà yẹn. Mo ti lo wákàtí kan ààbọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí mo dé gárèèjì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́jọ lù. Mo bèèrè mọ́tò Àkúrẹ́. Ọkùnrin tó ń gba owó ní, "Ti àkọ́kọ́ ti lọ ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Kíá ló kún lónìí. Ìwọ lẹnì kejì nínú èyí." Sienna ni, ó ń wá èrò méje. Mo jókòó sínú rẹ̀ mo sì ń ka àwọn tó ń kọjá, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí olúkúlùkù wọn jẹ́ ará Èkìtì tàbí ará Oǹdó. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la tó kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rin ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n. Àjàṣẹ́ Ìpo, Òmù-Àrán, kí ẹ tó wọ ilẹ̀ Èkìtì ní Ọ̀tùn, Ìdó, Ìfàkì, Adó, Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ tó já sí Àkúrẹ́. Bí igba kìlómítà ni, ó tilẹ̀ lè lé díẹ̀. A kọjá Òmù-Àrán, a kò tí ì dé Ọ̀tùn, ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Dírẹ́bà mú sípià jáde. Sípià kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Ó gbé táyà lé ọ̀kadà, ó padà sí Òmù-Àrán, ó fi wá sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́ fún mi ní ẹ̀pà, wọ́n bi mí pé ta ló ń ṣàìsàn. Mo ní, "Màámi ni, mà." Wọ́n ní, "Ọlọ́run á wò wọ́n sàn," wọ́n sì padà sórí èébú tí wọ́n ń bu dírẹ́bà. N kò bínú sí wọn. Ẹ̀pà náà dùn, ebi sì ń pa mí, ojú sì tì mí pé ebi lè máa pa mí.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè. Wọ́n ní, "Màámi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀," wọ́n sì gbé fóònù sí wọn létí. Mo gbọ́ èémí wọn. Wọ́n pe orúkọ mi, èyí yé mi yékéyéké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ gbólóhùn kan, gbólóhùn tó gùn, tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára, ó ń já, ó ń so. N kò mọ̀ títí di òní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jẹ ọ̀rọ̀ náà tàbí ẹnu wọn ni kò gbé e mọ́. Mo ń pariwo pé "Màámi, ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ," mo ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí títì, mo ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Fóònù já. Nígbà tí mo tún pè, ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti sùn.

Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú la lò níbẹ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo wọ wọ́ọ̀dù. Màámi jí sílẹ̀. Wọ́n rí mi, wọ́n mọ̀ mí, omi bọ́ lójú wọn. Ètè wọn mì, ohùn kankan kò jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè ọ."

Nínú ilé wa, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé táyà ló bẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò: "Ọmọ ti ń bọ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù, táyà ló bẹ́ lọ́nà." Mo ti gbọ́ ọ àìmọye ìgbà, n kò tún un ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí bí ó bá jẹ́ ibí lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mọ́tò kan ti lọ ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, ǹ bá wà nínú rẹ̀ ká ní mo dìde nígbà tí ẹ pè. Ká ní kò sí ìdádúró, ì bá dé Àkúrẹ́ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àti ogún ìṣẹ́jú. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni Màámi sọ gbólóhùn yẹn. Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe rí. Bóyá ǹ bá bá a, bóyá n kò ní bá a. Láti gárèèjì Àkúrẹ́ dé ilé ìwòsàn, ó ṣì ku sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Nígbà tí mo padà sí ilé-ìwé, òǹkà yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi tó ń ka Jọ́gíráfì jókòó tì mí, kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Kò le tó bí mo ṣe rò. Pápákọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan ní ibi tó wà lórí ìlà ìbú àti ìlà òró: ti Ìlọrin wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8.44 sí àríwá àti 4.49 sí ìlà-oòrùn, ti Àkúrẹ́ ní 7.25 àti 5.30. Ayé rí rógódó bí ọsàn, láti àárín rẹ̀ dé ojú ilẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 6,371. Wọ́n á fi àwọn òǹkà yìí wá ọ̀nà tó kúrú jù lẹ́yìn ọsàn náà láti ibì kan dé èkejì. Bí èèyàn bá ń lọ láti Èkó sí Amẹ́ríkà, bí ọsàn náà ṣe tẹ̀ ṣe pàtàkì gidigidi. Láàárín Ìlọrin àti Àkúrẹ́, ẹ lè fi rúlà fa á lórí máàpù, ẹ kò ní ṣì í. Kìlómítà 159 náà pé. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ti àkókò ló pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ayọ̀. Wọ́n kàn gbà pé bàálù ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan ni. Kìlómítà 159 á wá jẹ́ ìṣẹ́jú méjìlá. Wọ́n á fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Méjìlá àti ọgbọ̀n, méjìlélógójì. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú méjìlélógójì tó dá mi dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ọgbọ̀n kì í ṣe ìrìn rárá. Yálà ẹ ń lọ sí Àkúrẹ́ tàbí ẹ ń lọ sí ilé kejì, wọ́n á fi ọgbọ̀n yẹn kún un. Bàálù ńlá kò sì lè sá 800 yẹn fún ìgbà tó nítumọ̀ lórí ọ̀nà tó kúrú tó báyìí. Kó tó gòkè tán, ó ti yẹ kó máa sọ̀kalẹ̀. Bàálù alábẹ̀bẹ̀ bí ATR 72, tó ń sá bí 500 ní wákàtí kan, ló bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mu.

Mo fa ìlà náà lórí máàpù fúnra mi. Kò gba ọ̀kankan nínú àwọn ìlú tí mọ́tò wa gbà kọjá. Ìtòsí Ọ̀tan Ayégbajú ló gbà, ó wọ Èkìtì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arámọkọ àti Ìlawẹ̀, ó sì lọ balẹ̀ lẹ́yìn Àkúrẹ́, nítorí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ wà. Ti Ìlọrin wà lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, èmi sì ń gbé Tanke, òdìkejì ìlú. Ẹ fi èyí kún un. Ẹ fi wákàtí kan tí wọ́n ní kí èrò fi ṣáájú bàálù kún un. Mo ṣe gbogbo ìṣirò yìí nítorí mo ń wá ìtùnú. Mo fẹ́ kó já sí pé bí bàálù náà tilẹ̀ wà, n kò ní lè bá ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màámi. Kò já sí bẹ́ẹ̀. Bàálù aago mẹ́jọ, bí ó bá wà, ì bá gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn kí aago mẹ́wàá tó lù.

Kí ló dé tí kò fi sí? Ọ̀rẹ́ mi ní kò ṣòro láti mọ̀. Gbígbéra ló ń jẹ epo jù. Bàálù tó rin ìrìn kúkúrú ń jẹ epo gbígbéra láìrí ọ̀nà tó pọ̀ tó láti fi pa owó náà. Ó sì gbọ́dọ̀ rí bí àádọ́ta tàbí ọgọ́ta èrò tó ń lọ Àkúrẹ́ láti Ìlọrin, ní wákàtí kan náà, tí wọ́n lówó lọ́wọ́. Èmi tí mo jókòó nínú Sienna fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kí ó tó rí èèyàn méje, n kò lè bá a jiyàn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀nà òfurufú wa ló ń fi orí lé Èkó tàbí Àbújá. Kí ẹni tó wà ní Ìlọrin tó lè fò dé Àkúrẹ́, ó ní láti lọ sí Èkó, nǹkan bí kìlómítà 243, kó tún wá rin 231 padà sókè. 474, nítorí 159. Bó bá gba Àbújá, ó lé ní 600. Mo mọ̀ pé ìṣirò owó ni. Síbẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá ń kọ ìṣẹ́jú 42 síbẹ̀ lè fi ìlà kan sí i nísàlẹ̀ pé kò sí ọkọ̀. Ìlà kan ṣoṣo.

Nǹkan kan wà tí mo rò lé lórí nínú kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá-ọ̀rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí n fi í sí ibí. Àwọn baba wa ń fi ibùsọ̀ wọn ọ̀nà jíjìn. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà: ibi tí a ti ń sọ̀, ibi tí a ti ń gbé ẹrù kúrò lórí sílẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, ọrùn ẹni tó ru ẹrù ni. Bí ẹni kan bá sọ fún ọ pé ibùsọ̀ mẹ́ta ni, á jẹ́ pé ẹnì kan ti rìn ín, ó ti sọ ẹrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú tèmi, òun ló sàn ju kìlómítà lọ fún ẹni tí wọ́n pè ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Màámi kò kú. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ àti apá fún wọn. Ọ̀rọ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ní gbólóhùn kúkúrú, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pe gbogbo wa. Nígbà tí ó yé mi pé wọ́n lè dáhùn, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, "Mo pè ọ́?" Wọn kò rántí ilé ìwòsàn náà rárá, áḿbọ̀sìbọ́sí fóònù. N kò tún bèèrè mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí, wọ́n ní àwọn á wá. A ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo lọ mú wọn ní Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n mi náà bá wa wá, a jókòó sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú ọ̀pá wọn láàárín wa. A dúró ní Adó kí wọ́n lè na ẹsẹ̀, a tún dúró ní Ọ̀tùn. Nígbà tí a kọjá Ọ̀tùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa, igi ọ̀pẹ méjì tó fara tira wọn, àti kòtò kan tí wọn kò tí ì dí.

Mo ní, "Màámi, ibí yìí ni táyà ti bẹ́."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé. Wọ́n wo ọ̀pẹ náà títí ó fi kọjá lọ sẹ́yìn wa.

"Ibí lo wà," wọ́n ní, "nígbà tí mo pè ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọ́n tún wo ìta díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Kò mà jìnnà."